Set off, set out, take off: ìtumọ̀ kan ṣoṣo kò tó wọn

Èrò ọkàn mi lónìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní phrasal verbs, ìyẹn àwọn tí a kan ọ̀rọ̀ kékeré bí off tàbí out mọ́ tí ìtumọ̀ wọn sì yí padà, àgàgà àwọn tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn gbéra ìrìn àjò. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ní kíláàsì wa ni pé olùkọ́ á to set off, set out, pull out àti take off sí ojú pátákó, á sì kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sí iwájú gbogbo wọn: láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á sì mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà nínú A sí D tí ìdánwò bá dé, ṣùgbọ́n tí ó bá kan kí ó kọ gbólóhùn tirẹ̀, á ní ìyá òun "pulled out" lọ sí ọjà, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin ni ìyá náà.

Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tàbí ohun tí ó ń lọ gan-an. Ènìyàn ni set off àti set out bá mu jù. Méjèèjì sún mọ́ ara wọn débi pé a lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n set off tẹjú mọ́ ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ kúrò nílé, nígbà tí set out sábà máa ń ní ète nínú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ẹni tí ó pinnu láti ṣe nǹkan, kódà bí kò bá dìde lórí àga. Ọkọ̀ ni ó ń pull out, bí irú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn lọ sí Èbúté Mẹ́ta, nígbà tí ó bá rọra ń fi ibùdókọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń cast off, tí wọ́n bá tú okùn tí ó dè é mọ́ èbúté. Ti ọkọ̀ òfurufú ni ó gba ìfarabalẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ọkọ̀ kékeré kan sì ń tì í sẹ́yìn kúrò níbi tí èrò ti wọlé, kò tíì take off. Bí ó bá ń yí gbirigbiri lọ sí ibi tí yóò ti sáré, kò tíì take off. Àfi ìgbà tí táyà rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀.

Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. A ní gbéra, a ní bọ́ sọ́nà, a ní kọrí sí, a ní forí lé. Ọkọ̀ ni a ń sọ pé ó ti ṣí. Bí ẹnìkan bá ní bàbá òun ti ṣí, a ó bèèrè ìlú tí bàbá náà kó lọ. Forí lé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá head for mu tán, nítorí orí ni èdè méjèèjì fi ń júwe ibi tí arìnrìn-àjò dojú kọ. Bí a sì ṣe ń fi ẹni náà sáàárín tí a bá ní "mo sìn ín sọ́nà" ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ní "I saw him off", tí kò gbà kí a sọ pé "I saw off him". Olùkọ́ tí ó bá ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá kò lè rí àǹfààní náà lò.

Kì í ṣe àwa nìkan ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń dà láàmú. Nígbà tí Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe àlùfáà tí ó kọ ìtàn Yorùbá), gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé irú àkànpọ̀ yìí ni ó ń fún àjèjì ní ìṣòro jù lọ. Ó ní set out ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, bó ṣe rí títí dòní nìyẹn. Ṣùgbọ́n set off tí ó kọ síbẹ̀, kí a ṣe nǹkan lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó pè é, ó sì pe take off ní kí a ṣe àwòkọ. Ọkọ̀ òfurufú kò kúkú tíì sí nígbà náà.

Ibi tí èmi àti àwọn olùkọ́ kan ti yapa ni "We took off from Ibadan by 6", tí àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń sọ nígbà tó jẹ́ bọ́ọ̀sì ni a wọ̀. Wọ́n á fi bírò pupa fa igi lé e. Èmi kò ní fagi lé e, nítorí gbogbo ẹni tí ó wà nílé ló yé. Ṣùgbọ́n mà á sọ fún ọmọ náà pé ẹni tí ó wà ní London lè rò pé bàálù ni ó wọ̀ tàbí pé ṣe ni ó sá lọ, àti pé "by 6" lójú onítọ̀hún ni pé kò kọjá aago mẹ́fà, kì í ṣe pé aago mẹ́fà gan-an ni. (Push off ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ fún àlejò o, lílé ni ẹ lé e yẹn.)

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣètò ìdánwò, mi ò ní bèèrè ìtumọ̀ ìkankan nínú wọn. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni mà á ní kí ọmọ ròyìn, láti ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn títí dé inú bàálù ní Ìkẹjà, kí ó sọ ẹni tí ó sìn ín, ohun tí ó wọ̀, àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbéra.