Oyin kọ́ lẹ máa pò fún hummingbird o

Mo rí mẹ́sééjì kan táwọn èèyàn wa ní Houston ń fọ́wáàdì kiri, pé oyin ni ká pò mọ́ omi sínú ike tá a ń so kọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ẹyẹ hummingbird, torí ṣúgà funfun ò dáa. Ire ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Oyin dáa fún àwa èèyàn, a ṣáà fi ń sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n oyin yàtọ̀ sí omi dídùn inú òdòdó tí ẹyẹ yẹn ń mu. Oyin ti gba ọwọ́ kòkòrò oyin kọjá, tẹ́ ẹ bá sì ti bomi là á, kíá ló máa kan tá á sì bu, ìyẹn sì lè ṣe ẹyẹ náà léṣe gan-an. Ṣúgà funfun ló jọ ti inú òdòdó jù.

Ife ṣúgà 1 sí ife omi 4, ó parí. Ẹ má fi àwọ̀ pupa sí i rárá, pupa ara ike yẹn ti tó láti pè wọ́n. Tóòrùn bá mú (Texas kẹ̀!), ẹ dà á nù lọ́jọ́ méjì-méjì kẹ́ ẹ sì fi omi gbígbóná fọ ike náà.

Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí wẹ́ẹ̀bù Audubon, àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà.