Kì í ṣe àwọn Nazi ló tẹ Blumenau dó
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé àwọn Nazi, ìyẹn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní Jámánì, tó sá lọ lẹ́yìn ogun àgbáyé tó parí ní 1945 ló tẹ àwọn ìlú ará Jámánì, bíi Blumenau, dó ní gúúsù Bràsíl. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1824 ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Jámánì ti dé São Leopoldo, ìlú kan ní gúúsù Bràsíl. Ní 1850 ni Hermann Blumenau tẹ ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dó. Wọn ò tíì bí Hitler nígbà náà! Lóòótọ́, Josef Mengele, dókítà kan tó jẹ́ Nazi, sá pamọ́ sí Bràsíl lẹ́yìn ogun náà. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàpọ̀. Ẹ lè wo ọjọ́ tí Blumenau fi ń ṣàjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀: 2 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tàkọ́kọ́ náà.