Ta ló jàre: ẹni tó ń fọ́n omi sí Calathea, àbí ẹni tó ní iṣẹ́ òfo ni?

Àdùnní Eléwé
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí Calathea orbifolia mi dé, ewéko inú ilé kan tí ewé rẹ̀ rí roboto, tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí ìlà fàdákà sì wà lára rẹ̀. Ewé mẹ́sàn-án ló ní lọ́jọ́ tó dé. Ó ti ku márùn-ún. Etí ewé márààrùn-ún ti gbẹ, ó ti rí bíi bébà tí iná rà. Bí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, á rún wómúwómú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń fọ́n omi sí i, torí ẹni tí mo bá ṣáà ti bi, "ó fẹ́ràn omi" ni wọ́n máa ń sọ. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ló ń gbé, lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì wà níbẹ̀, oòrùn kì í kàn án tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n jáwọ́ nínú omi fífọ́n, pé iṣẹ́ òfo ni. A ti jà sí i. Ta ló jàre?

Baba Ìkòkò Mẹ́wàá
Ẹ̀gbọ́n rẹ ló jàre. Àbúrò, ewé kì í mu omi bí gbòǹgbò ṣe ń mu ún. Ohun tí Calathea ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, kí afẹ́fẹ́ má baà máa fa omi jáde lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á gòkè lọ. Omi tí o fọ́n á gbẹ kí o tó fọ abọ́ tán, yàrá á sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀rọ amúlétutù yẹn gan-an, ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Lọ wo omi tó ń kán jáde lẹ́yìn rẹ̀ níta. Omi inú yàrá rẹ nìyẹn. Ike ìfọ́nmi ọwọ́ rẹ ò lè bá a figagbága.

Ìyá Ewé
Baba Ìkòkò tún ti dé. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń fọ́n omi sí Calathea tèmi láràárọ̀. Ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ó ti bí ọmọ tí mo pín sí ìkòkò mẹ́ta. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ló gbé e débẹ̀? Ẹ má kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmẹ́lẹ́.

Baba Ìkòkò Mẹ́wàá
Ìyá wa, ẹ má bínú. Ibo nínú ilé lẹ gbé e sí?

Ìyá Ewé
Inú balùwẹ̀.

Tánwá
Háà! Ìyá wa, ẹ ò ṣe tètè sọ? Balùwẹ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀ sí láàárọ̀ lálẹ́, tí ooru omi gbígbóná ń gba ibẹ̀ kan! Bí ẹ bá ń kọrin sí i dípò omi níbẹ̀, á dán.

Ìyá Ewé
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Omi tí mò ń fọ́n tún ń fọ eruku kúrò lójú ewé, kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò gbé ibẹ̀.

Baba Ìkòkò Mẹ́wàá
Ti kòkòrò yẹn, mo fún yín ní ìdajì. Àwọn kín-ín-kín-ín tó ń ta okùn bí aláǹtakùn yẹn fẹ́ràn afẹ́fẹ́ gbígbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ewé ni wọ́n ń sá sí, omi tí a fọ́n sójú ewé kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ yí ewé náà dojú délẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ yín kí ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí ohun tó dà bí eruku, tí eruku ọ̀hún sì ń rìn, ẹ mú aṣọ tútù kí ẹ fi nu ún láti ìdí ewé dé ṣóńṣó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Èyí ju ike fífọ́n lọ fíìfíì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ewéko náà ti wá ná. Ìdílé Marantaceae ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú ewé eéran àti gbòdògì tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó bá ti rí ibi tí ewé eéran ń hù sí kò ní béèrè ohun tí Calathea ń fẹ́: abẹ́ igi ńlá, oòrùn ò ráyè wọlé, ilẹ̀ tutù, ewé jíjẹrà bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹbí rẹ̀ yìí nínú igbó ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé ilẹ̀ igbó yẹn fúyẹ́. Òjò ń rọ̀, omi ń gbà á kọjá, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé e wọlé. Kì í ṣe ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní Calathea lọ sábẹ́ orúkọ Goeppertia. Orbifolia wà lára wọn.

Tánwá
Bí a bá pè é ní Goeppertia, ṣé etí rẹ̀ á yé gbẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Rárá. Ṣùgbọ́n o ò ní ra ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé orúkọ méjì wà lára ìkòkò. Àdùnní, ìbéèrè kan: ṣé ewé yẹn ṣì ń dìde lálẹ́? Ẹ wo ibi tí igi ewé ti pàdé ewé fúnra rẹ̀, oríkèé kékeré kan wà níbẹ̀ tó wú díẹ̀. Omi ló ń wọ apá kan oríkèé yẹn tó ń kúrò ní apá kejì, òun ló ń gbé ewé dìde lálẹ́ tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárọ̀. Bí oríkèé ò bá lágbára mọ́, omi ò dé òkè nìyẹn.

Àdùnní Eléwé
Ó ń dìde o, ṣùgbọ́n kò ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń gbọ́ bí àwọn ewé ṣe ń ha ara wọn, "ṣàà", bí ẹni ń rìn kọjá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Ṣẹ́gílọlá
Gbogbo yín ń pariwo afẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè irú omi tó ń bu sí i. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Iyọ̀ inú omi ẹ̀rọ ń bá omi gòkè lọ dé etí ewé. Omi á fò lọ, iyọ̀ á jókòó síbẹ̀, etí á jó. Mo fi èépá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú ilẹ̀ ìkòkò tèmi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi òjò, ewé tuntun tó ń jáde kò gbẹ létí mọ́. Bí kò bá sí omi òjò, kí o pọn omi ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o fi sílẹ̀ mọ́jú láìdé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ẹ̀gbọ́n, ti omi òjò yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ ló ń fò lọ bí a bá fi omi sílẹ̀ mọ́jú. Fluoride kì í lọ, chloramine tí àwọn kan ń lò dípò chlorine kì í tètè lọ, iyọ̀ gan-an kò sì mọ ọ̀nà àtilọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ sè é, omi ni yóò dín kù, iyọ̀ á wà níbẹ̀, yóò tún ki sí i ni.

Ṣẹ́gílọlá
Kí wá ni kí ẹni tí kò ní omi òjò ṣe? Kó pa ewéko rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Kó máa da omi púpọ̀ gba ojú ilẹ̀ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó jẹ́ kí ó ṣàn jáde nísàlẹ̀ dáadáa, á fọ iyọ̀ lọ. Kó sì dín ajílẹ̀ kù, torí iyọ̀ ni ajílẹ̀ náà.

Tọwọ́bọlẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ẹ ṣì wà lórí etí ewé. Ewé mẹ́rin ló ti kú ní oṣù mẹ́rin! Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ba ẹwà ewé jẹ́, kì í sábà pa wọ́n yára báyẹn. Àdùnní, àwọn ewé tó kú, ṣé wọ́n kọ́kọ́ pọ́n rẹ́sùrẹ́sù láti ìsàlẹ̀? Ìkòkò tó wà nínú rẹ̀, ṣé ihò wà nísàlẹ̀?

Àdùnní Eléwé
Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́kọ́ pọ́n, igi wọn sì rọ̀. Ike tí mo rà á mọ́ ní ihò. Ṣùgbọ́n mo gbé ike náà sínú ìkòkò aláràbarà kan kó lè bá yàrá mu, ìyẹn ò ní ihò.

Tọwọ́bọlẹ̀
Yọ ike náà jáde kúrò nínú ìkòkò ìta. Lọ báyìí. À ń dúró.

Àdùnní Eléwé
Yéè. Omi wà nísàlẹ̀ ìkòkò ìta yẹn, ó jìn tó ìka méjì. Ó ń rùn bí omi odò tó ti dá dúró tipẹ́. Kantíkantí mẹ́ta fò jáde. Mo fa ewéko náà yọ díẹ̀: gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ti dúdú, bí mo ṣe fọwọ́ fà á, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku okùn tín-ín-rín nínú.

Tọwọ́bọlẹ̀
Ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu ike ìfọ́nmi mọ́. Ó fẹ́ ilẹ̀ tútù, kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá gba gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ wà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á kú. Gbòǹgbò tó ti kú ò lè fa omi, ewé á gbẹ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìwọ náà á tún bu omi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ìfẹ́ pa á.

Oníkóró Amọ̀
Mo ní ẹjọ́ lórí "kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi" yẹn. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ tí Calathea tèmi ti wà nínú kóró amọ̀ tí wọ́n fi iná sun, kò sí erùpẹ̀ kankan níbẹ̀, omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun báláú. Nítorí náà kì í ṣe omi ló ń pa á.

Tọwọ́bọlẹ̀
Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n wo ohun tó wà láàárín kóró kan sí èkejì: àlàfo. Ìdá ìsàlẹ̀ nìkan ni omi dé, afẹ́fẹ́ ló wà lókè. Erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra tó rin gbingbin kò ní àlàfo bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tìrẹ sì hù sínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀, ti Àdùnní erùpẹ̀ ló bá dàgbà.

Oníkóró Amọ̀
Ó dáa, àìrí afẹ́fẹ́ mí ló pa á. Kí a máa sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ kó lọ fi òùngbẹ pa tirẹ̀. Calathea tó bá gbẹ tán pátápátá kì í dárí jini.

Baba Ìkòkò Mẹ́wàá
Àbúrò, gé gbogbo gbòǹgbò tó bá rọ̀ kúrò. Fi èyí tó le tó sì funfun sílẹ̀. Po háhá àgbọn, perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) àti èèpo igi wẹ́wẹ́ pọ̀, kí o sì lo ìkòkò tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, torí gbòǹgbò ti dín kù. Má fi ajílẹ̀ sí i báyìí. Ti omi, ìka rẹ ni kí o máa bi: tì í bọ ilẹ̀ dé oríkèé ìka kìíní, bí ilẹ̀ bá ṣì tutù níbẹ̀, má bu omi sí i. Àwọn tó ń fi ọjọ́ ka omi, pé gbogbo Sátidé ni, ń tan ara wọn. Gbé e kúrò níbi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ lù ú, kó sún mọ́ àwọn ewéko yòókù. Bí agbára bá wà, ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tú ìkùukùu omi jáde.

Tánwá
Àwo olókùúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń bu omi sí lábẹ́ ìkòkò ńkọ́?

Baba Ìkòkò Mẹ́wàá
Ó rẹwà lójú.

Àdùnní Eléwé
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n gé etí tó gbẹ yẹn? Ṣé á padà di tútù?

Ṣẹ́gílọlá
Èyí tó ti gbẹ ti gbẹ nìyẹn. Mú sísọ́ọ̀sì tó mú, tẹ̀ lé bí ewé ṣe rí gan-an, má gé e gbọọrọ bí ẹni gé bébà. Fi ìlà gbígbẹ tín-ín-rín sílẹ̀ létí. Bí o bá gé wọ inú ibi tútù, etí tuntun yẹn náà á tún gbẹ.

Àdùnní Eléwé
Mo padà wá o. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá. Ewé mẹ́ta ló kù lẹ́yìn tí mo tún un gbìn, mo ti rò pé ó ti lọ. Láàárọ̀ àná ni mo rí ewé tuntun kan láàárín, ó ká jọ bí ẹní kékeré, ó sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ìlà fàdákà ti hàn lára rẹ̀, etí rẹ̀ ò gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun ló jàre. Mo ní kì í ṣe ohun tí òun sọ ló ṣe é, ìkòkò aláràbarà tí òun fúnra rẹ̀ rà fún mi ni. Kò tíì dáhùn.

Ìyá Ewé
Ọmọ mi, kú ewu. Ṣùgbọ́n sọ òótọ́ fún mi: ṣé o ti jáwọ́ nínú omi fífọ́n?

Àdùnní Eléwé
Mò ń fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá sí nílé.