Ẹ̀bùn Àbínibí Kọ́ Ló Gba Ẹ̀gbá Sílẹ̀

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ márùn-ún pé jọ sídìí fóònù kan tí wọ́n gbé ti ara maṣíìnì. Kàtúùnù àwọn akọni tó ń fò lójú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Nígbà tí bátìrì kú, wọ́n bọ́ síta, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe eré náà fúnra àwọn. Ọ̀rọ̀ wá di ta ni kó jẹ́ ta. Ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní ní kíláàsì ni wọ́n fi ṣe akọni, kò sẹ́ni tó bá a dù ú. Èyí tó mọ bọ́ọ̀lù gbá di igbákejì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, tó tún kíláàsì kà. Wọ́n ní òun ni kó jẹ́ ẹni tí ilé wó lù, tí wọn yóò wá gbà sílẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ fò. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dá a lóhùn pé, “Ìwọ? Wọn ò bí i mọ́ ẹ.” Ọmọ náà kò jiyàn. Ó na gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò gbà á.

Bí kò ṣe jiyàn yẹn ló ká wa lára.

Ó pẹ́ tí àwọn òǹwòran ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí bóyá The Incredibles, kàtúùnù tí Brad Bird darí fún Pixar, tó jáde ní 2004, ń gbé ẹ̀bùn àbínibí ga jù. Ẹbí kan ni eré náà dá lé lórí: bàbá lágbára bí erin, ìyá ń na ara bíi rọ́bà, àwọn ọmọ náà sì bá agbára tiwọn wáyé. Òfin ní kí wọ́n fi í pamọ́, kí wọ́n máa ṣe bí gbogbo èèyàn. Nínú ọkọ̀, ìyá sọ fún Dash, ọmọ rẹ̀ tó ń sáré bí ìjì, pé kò sẹ́ni tí kò ní ohun tó yà á sọ́tọ̀. Ọmọ náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní i nìyẹn. Èyí tó dùn wá jù ni ti Buddy. Ọmọdékùnrin yìí kò gbé agbára kankan wá láti inú ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bàtà tó ń gbéni fò, ó sì lọ bá akọni tó fẹ́ràn pé òun fẹ́ máa ràn án lọ́wọ́. Akọni lé e dànù. Nígbà tó dàgbà, òun ló di ọ̀daràn eré náà, ó sì ń lérí pé òun yóò ta àwọn ẹ̀rọ òun fún gbogbo ayé, kí gbogbo èèyàn lè di akọni, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ́ akọni mọ́.

A kò ní parọ́ mọ́ eré yìí. Buddy pa èèyàn. Ìpànìyàn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀tá, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Edna, obìnrin kúkurú tó ń rán aṣọ àwọn akọni, kò ní agbára àbínibí kankan, síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀dùn ọkàn Dash náà kì í ṣe irọ́: kò yẹ kí á ní kí ẹni tó lè sáré máa fà sẹ́yìn kí ojú má baà ti ẹlòmíràn. Àgbàlagbà tó bá fara balẹ̀ wò ó lè rí gbogbo èyí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò rí i. Ohun tí òun rí ni pé àwọn tí wọ́n bí agbára mọ́ ni èèyàn rere, ẹni tó ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni èèyàn burúkú. Àwọn eré kan tó tẹ̀ lé e gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní 2018, Spider-Man: Into the Spider-Verse sọ ọ́ kedere pé kò sẹ́ni tí kò lè wọ ìbòjú akọni, ó sì fi Miles, ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Brooklyn, hàn wá bó ṣe ń ṣubú tó ń dìde. Síbẹ̀, aláǹtakùn ló kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ní 2025, Iyanu, eré tí Roye Okupe ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, gbé ilẹ̀ Yorùbá dé orí Cartoon Network. Inú wa dùn gidigidi pé àwọn ọmọ wa rí akọni tó jọ wọ́n. Agbára Iyanu, ọmọ òrukàn tí eré náà dá lé lórí, náà, inú rẹ̀ ló ti tú jáde.

Ibi tí a dúró sí nìyí: àwọn eré yìí ń gbé ẹ̀bùn àbínibí ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń pa ọmọ lára. Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹnikẹ́ni fòfin dè wọ́n, nítorí kàtúùnù kọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ yẹn bí a ti ń pín èèyàn. Ipò tí wọ́n mú ní kíláàsì ni wọ́n fi pín in. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ wọn, àwa òbí sì kín in lẹ́yìn.

Nínú ìlú yìí, a mọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ń pín ọmọ ọdún mẹ́fà sí A àti B. Àwọn “olórí pípé” wà ní A, àwọn tó kù wà ní B. A ni wọ́n ń fún ní tíṣà tó mọṣẹ́ jù. A ni fáànù wà. Ní ìparí sáà, wọ́n á pe ẹni kìíní títí dé ẹni ìkẹyìn lójú gbogbo òbí. Tí wọ́n bá dé SS1, ọmọ tí a kà sí olórí pípé là ń tì sí sáyẹ́ǹsì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ló wù ú. Nílé, “ọpọlọ bàbá rẹ̀ ló gbé” la fi ń yin ọmọ, “olódo” la fi ń bú u. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń lọ. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n yìn pé orí wọn pé, iṣẹ́ tó rọrùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń yàn lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìbéèrè sì le mọ́ wọn lọ́wọ́, ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, máàkì wọn wálẹ̀. Àwọn tí wọ́n yìn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára ló ń fẹ́ èyí tó le. Kíláàsì A pàápàá ò ṣe ọmọ inú rẹ̀ lóore.

Ó yẹ kí Ẹ̀gbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìtàn sọ pé òmìrán ni Lísàbí, pé oko tó ń ro lójúmọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò lè ro ó. Ká ní inú kàtúùnù ni, òun nìkan ni ìbá dojú kọ àwọn ìlàrí tí Ọ̀yọ́ rán wá jẹ Ẹ̀gbá níyà, gbogbo ìlú ìbá sì dúró máa pàtẹ́wọ́. Ohun tó ṣe kọ́ nìyẹn. Àáró ló dá sílẹ̀, àáró tí àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn roko: tòní oko lágbájá, tọ̀la oko tàmẹ̀dò. Lábẹ́ àáró yẹn ló ti kó àwọn ọkùnrin jọ láti ìlú dé ìlú, tó fi di Ẹgbẹ́ Olórógun, tí wọ́n fi dìde papọ̀. Bí Lísàbí bá ní ẹ̀bùn, ó ní in. Àwọn tí wọ́n gbé ọkọ́ wá sóko àáró, tí wọn ò ga dé èjìká rẹ̀, ni wọ́n bá a gba Ẹ̀gbá sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí kan náà, a jókòó ti ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú. Àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí, ṣùgbọ́n ìyá yìí kò fi ẹ̀kọ, èyí tí wọ́n fi ń dí ojú aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀, sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Ìyá náà gba ìyẹ́, ó nù ún, ó tún un tì bọ inú ẹ̀kọ, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n jọ fà á. “Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ìyẹ́ gbé e lọ.” Ìlà kejì tún wọ́ díẹ̀. Ìkẹta tọ́. Nígbà tí a fi máa dìde, ọmọ náà ti ya ìdajì aṣọ, ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ ọn léèékánná. A bi ìyá náà bóyá ọmọ yìí ní ẹ̀bùn iṣẹ́ náà. Ó wò wá bí ẹni pé a fi èdè mìíràn sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó ń wá lójoojúmọ́.”

Àwọn kan á ní Yorùbá gba orí gbọ́, pé àyànmọ́ ò gbóògùn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifá tó sọ bí èèyàn ṣe ń yan orí nílé Àjàlá, òun náà ló sọ pé gbogbo orí kóra jọ gbìmọ̀, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn wọn kò sì yọrí. Ẹsẹ̀ yẹn ni ọmọ Ìtòkú fi ń wá lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí sáà tuntun tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí, ti ìjọba àti ti aládàáni, jáwọ́ nínú pípín ọmọ kéékèèké sí olórí pípé àti àwọn tó kù. Kí àwọn tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kọ ìwé sí wọn lórí rẹ̀, kí wọ́n sì rán èèyàn lọ wò ó. Kí wọ́n dákẹ́ pípe ẹni ìkẹyìn síta lójú òbí rẹ̀. Òbí tó bá sì ra dátà fún ọmọ láti wo kàtúùnù, kó jókòó tì í títí eré yóò fi parí, kó bi í pé ta ló rán aṣọ tí akọni yẹn wọ̀, kó sì bi í pé báwo lonítọ̀hún ṣe kọ́ ọ.