Ojú kì í tan ìmọ́lẹ̀ jáde, ti ológbò pàápàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí: "Iná wà nínú ojú ológbò, òun ló fi ń ríran lóru." Àgbàlagbà ló ń sọ ọ́ fún ọmọdé, ọmọ náà sì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sí iná nínú ojú ológbò, kò sí nínú ojú ènìyàn. Kò sí ohun kan tó ń ti inú ojú jáde lọ bá nǹkan tí à ń wò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ti gílóòbù tàbí ti àtùpà ló ń bọ́ sára nǹkan, tó ń ta padà kúrò lára rẹ̀, tó sì ń gba ọmọlójú wọlé. Bí kò bá sí èyí tó wọlé, kò sí ìríran.

Ẹ má ní eré ọmọdé ni. Ẹ fún ọmọ ọdún 6 ní bébà, kí ó ya oòrùn, igi àti ojú, kí ó wá fi àmì ọfà hàn yín ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò fa ọfà láti inú ojú lọ sára igi. Ọmọ tó bá gbé ọfà yẹn dé kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ nípa òjìji, dígí àti awò, ibẹ̀ ni yóò ti máa há, torí gbogbo àwòrán tí olùkọ́ bá yà yóò lòdì sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òótọ́ ni pé Euclid àti Ptolemy, àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́, gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ibn al-Haytham, onímọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bí ní Basra ní ilẹ̀ Iraq ní nǹkan bí ọdún 965, ti já a ní koro: bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó le, ojú á máa ta á, ohun tó ń wọlé ló sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 900 ọdún tí ọkùnrin yìí ti kú. Kí la tún ń dúró dè?

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i, páálí bàtà kan ti tó. Kí ó gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ gbogbo inú rẹ̀, títí kan inú ìdérí, nítorí inú funfun á máa ta ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ́ wọlé káàkiri. Ní ẹ̀gbẹ́ kékeré kan lára páálí náà, ẹ lu ihò tí kò ju ìdí bírò lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti máa yọjú. Lórí ìdérí, ní ìhà tó jìnnà sí ihò yẹn, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ gé fèrèsé tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni kí ẹ gé, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀kẹrin wà bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa ṣí kí ó máa tì bí ilẹ̀kùn. Ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ orí ilẹ̀kùn náà, kí bébà náà fi sẹ̀ǹtímítà kan jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ gé. Gbogbo igun páálí, téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni kí ẹ fi dì í. Sẹ́lótéèpù kò wúlò níbí, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Etí ìdérí ni kí ẹ fi aṣọ dúdú wé, torí ẹ ó máa ṣí i láti pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ ni pé páálí ń jò. Kí ẹ tó pe ọmọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ dé e, kí ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ síta, ibẹ̀ náà ni yóò gbà wọlé lọ́sàn-án. Ẹ dí i.

Ó wá kan ọmọ. Ẹ gbé ọsàn, síbí tàbí kọ́kọ́rọ́ sínú páálí nígbà tí kò sí nítòsí. Bí ó bá ti rí i tẹ́lẹ̀, ohun tó rántí ni yóò sọ, á sì búra pé òun rí i. Kí ó fi ojú kan lẹ mọ́ ihò náà pinpin, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì títí dé 60. Kí lo rí? Àwọn kan á ní àwọn kò rí nǹkan kan. Àwọn kan á fẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè pé àwọ̀ wo ni, ẹ sì fi páálí òfìfo dán wọn wò lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé òkè. Ọsàn! Ẹ tì í, ọsàn ti lọ. Ojú ọmọ là nígbà tí fèrèsé tì, ojú náà ló là nígbà tí fèrèsé ṣí. Fèrèsé nìkan ló yí padà. Bí ojú bá ń tan ìmọ́lẹ̀ ni, kí ló ń ṣe é tí kò lè gba ihò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an tàn wọlé?

Ti ológbò, ẹ wá gíláàsì pupa tó máa ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, èyí tí kò ní gílóòbù nínú. Ẹ gbé e sínú páálí náà: òkùnkùn biribiri. Ẹ wá gbé e kọ́ ara ògiri nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ọmọ dúró ní mítà 3 sí i, kí ó di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí rẹ̀. Gíláàsì náà á tàn yòò bí ẹyinná. Ẹ gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúró ní mítà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tan án sí gíláàsì kan náà. Lójú ọmọ, iná yẹn á lọ sílẹ̀ púpọ̀, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ni gíláàsì náà ń dá a padà sí. Bí ojú ológbò ti rí gan-an nìyẹn. Awọ kan tó ń dán bíi dígí wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú rẹ̀, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí gbà mú ní ìgbà àkọ́kọ́ padà, kí ojú lè tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè lo ìmọ́lẹ̀ ìwọ̀nba. Ajá, ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ní irú rẹ̀. Ènìyàn àti ẹlẹ́dẹ̀ kò ní. Bí ọmọ bá ní tànnátànná ńkọ́, ó béèrè dáadáa. Ẹ fi ọ̀kan sínú ìgò nínú òkùnkùn: yóò tàn láìsí tọ́ọ̀ṣì, torí ara rẹ̀ ló ń ṣe ìmọ́lẹ̀. Ojú ológbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè tú kòkòrò náà sílẹ̀.

Wọ́n á ní, "Bí wọ́n bá mú iná lọ, tó bá ṣe díẹ̀, ojú á tún ríran." Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ọmọlójú á fẹ̀, ojú á sì máa mọ́ òkùnkùn lára fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ àti ti gílóòbù ará ilé kejì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ló ń lò. Níbi tí kò bá ti sí rárá, ẹ lè jókòó di àárọ̀. Àwọn kan á mú un wá pé ojú ni fìtílà ara. Àkàwé ni.

Fún ọmọ ọdún 9 sókè, ẹ fi ìràwọ̀ kún un. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ èyí tó ti ara ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn wá ń lò ju ọdún 4 lọ lójú ọ̀nà. Bí ojú ló ń rán ìmọ́lẹ̀ lọ tó ń padà, ẹni tó bá lajú lálẹ́ òní yóò dúró ju ọdún 8 lọ kí ó tó rí i. Mo gbà pé ọmọ ọdún 3 lè má mú ti páálí pàápàá. Ti ọdún 5 sókè, kò sí àwáwí. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ihò yẹn wo oòrùn, tàbí kí ó fi iná lésà ṣeré.

Lẹ́yìn páálí, ẹ fún ọmọ ní bébà mìíràn kí ó tún àwòrán náà yà. Púpọ̀ nínú wọn á fa ọfà láti oòrùn sára igi, wọ́n á wá fi ojú sílẹ̀ láìní ọfà, bí ẹni pé ó ti tó kí igi wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ padà sí páálí. Ẹ ṣí fèrèsé òkè, kí ọmọ máa wo ọsàn, kí ẹ wá rọra ti ègé páálí kan tó nípọn bọ àárín ojú rẹ̀ àti ihò. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lára ọsàn nínú páálí, ọmọ kò sì rí nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ fún un ní pẹ́ńsù rẹ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ọfà kejì, láti igi wọ inú ojú, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó fà á.