“Bó Bá Dára, À Bá Ti Gbọ́”: Irọ́ Tí Kì Í Jẹ́ Ká Rí Fíìmù Gidi Wò

Ẹ dárúkọ fíìmù tí kò lókìkí fún ọ̀rẹ́ yín kan, kí ẹ ní kó lọ wò ó. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Ṣé ó wà nínú Top 10?” Bí ẹ bá ti ní rárá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, ni pé fíìmù tó dára kì í sá pamọ́. Bó bá dára lóòótọ́, à bá ti gbọ́, ìkànnì tí à ń sanwó fún lóṣooṣù ì bá sì ti gbé e síwájú wa. Inú èrò yìí náà ni gbólóhùn kejì ti ń jáde, èyí tí a máa ń sọ lẹ́yìn tí a bá ti fi rìmóòtù yẹ àwòrán wò títí: “Kò tiẹ̀ sí nǹkan kan tí èèyàn lè wò mọ́.”

Irọ́ ni méjèèjì. Ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kò sọ ohun tó dára fún wa. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà lọ́sẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀rọ wọn rò pé a ò ní lè kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Top 10 yẹn, àtẹ mẹ́wàá tí àwọn èèyàn ń wò jù. Ní 2020 tí Netflix, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tí à ń sanwó fún láti wo fíìmù, gbé e dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí èèyàn bá ti wo fíìmù fún ìṣẹ́jú 2 péré, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó wò ó. Ìṣẹ́jú méjì! Orúkọ àwọn òṣèré lè má tíì jáde tán. Ṣáájú ìgbà náà, ó dìgbà tí èèyàn bá wo ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó kà á. Ní 2021 wọ́n tún yí i padà, ó di àròpọ̀ wákàtí tí gbogbo ayé fi wò ó, síríìsì gígùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí fíìmù kúkúrú láìjà. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2023 kí wọ́n tó máa fi gígùn eré pín wákàtí náà. Wọ́n yí ọ̀nà kíkà yìí padà títí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó béèrè bóyá ẹni tó wò ó gbádùn rẹ̀. Ẹni tó sùn lọ sórí àga tí eré ṣì ń lọ, tirẹ̀ náà wà nínú ìṣirò.

Ẹ wá wo bí ohun tó wà nílé ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí Netflix kọ́kọ́ tẹ ìròyìn ohun tí àwọn èèyàn ń wò jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, fíìmù àti síríìsì tó lé ní 18,000 ló wà nínú rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́fà péré. Fíìmù mẹ́wàá àti síríìsì mẹ́wàá ló ń gba orí àtẹ nínú gbogbo ìyẹn. A wo ogún, a ní kò sí nǹkan mọ́.

Àwọn tó kù lójú ewé náà ńkọ́? Ní 2015, méjì nínú àwọn ọ̀gá Netflix kọ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀rọ ìdámọ̀ràn wọn, èyí tó ń yan ohun tí wọ́n máa gbé síwájú wa. Wọ́n ní bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí àwọn oníbàárà ń lò ló ti ọwọ́ ẹ̀rọ náà wá. Ìdá 20 tó kù ni èèyàn fúnra rẹ̀ wá kiri. Wọ́n tún ní ẹni tó ń wá ohun tó máa wò kì í fara dà á ju ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90 lọ kó tó sú u, nígbà tó bá ti wo bíi àkọlé 10 sí 20. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni pé kó tètè nawọ́ ohun tí a ò ní jiyàn lé lórí sí wa kí ìṣẹ́jú náà tó pé. Kò burú fún òwò wọn. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ń falẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí òṣèré rẹ̀ kò lókìkí, tí èdè rẹ̀ ṣàjèjì sí wa, báwo ló ṣe máa rí àyè nínú ìṣẹ́jú-àáyá 90?

Kódà àwòrán tí wọ́n fi ń polówó fíìmù kan fún wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Netflix ṣàlàyé rẹ̀ fúnra wọn pẹ̀lú fíìmù Good Will Hunting: ẹni tó máa ń wo eré ìfẹ́ lè rí àwòrán Matt Damon àti Minnie Driver, ẹni tó fẹ́ràn eré apanilẹ́rìn-ín lè rí Robin Williams tó jẹ́ aláwàdà. Fíìmù kan ṣoṣo, ojú méjì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa ìràwọ̀ tí a fi ń díwọ̀n fíìmù tì, wọ́n fi àtàǹpàkò (mo fẹ́ràn rẹ̀ tàbí mi ò fẹ́ràn rẹ̀) rọ́pò rẹ̀, torí wọ́n ti rí i pé fíìmù tí èèyàn ń fún ní ìràwọ̀ 5 kọ́ ló ń wò lálẹ́. Ẹ ò rí i pé àwọn gan-an mọ̀ pé ohun tí a ń wò jù àti ohun tí a gbà pé ó dára kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà?

Ẹni tí èyí kò bá tíì yé, kó wo Suits. Síríìsì àwọn agbẹjọ́rò ni, ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 2011, ó parí ní 2019 lẹ́yìn sáà 9. Ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Netflix gbé e sórí àtẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọdún náà sì fi máa parí, Nielsen tó máa ń ka òǹwòran ti ka ìṣẹ́jú bílíọ̀nù 57.7 fún un ní orílẹ̀-èdè náà. Kò sí eré kan tó tíì tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo rí. Wọn kò tún un yà o. Wọn kò fi òṣèré kún un. Ó tiẹ̀ ti wà lórí Peacock, ìkànnì fíìmù mìíràn, tẹ́lẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé tìtorí Meghan Markle tó ṣeré nínú rẹ̀ ni, kó rántí pé láti 2018 ló ti fẹ́ ọmọ ọba.) Ibi tí wọ́n gbé e sí nìkan ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíìmù It's a Wonderful Life jáde ní 1946, owó tó pa kò sì dùn mọ́ àwọn tó náwó lé e lórí. Nígbà tó di 1974, wọn kò tún ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe, ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá rí fíìmù ọ̀fẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi í hàn nígbà Kérésìmesì, títí tó fi di ẹbí fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan kò fi sílẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí kò sí owó ìpolówó fún, dídákẹ́ ló ń dákẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá gbà pé gbogbo fíìmù tí ẹnì kan ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló dára. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní láárí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Irú àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọn kò ṣe lókìkí gan-an ni wọ́n fi ń yangàn, wọ́n á ní fíìmù tí èèyàn púpọ̀ bá ti wò ti bà jẹ́. Àṣejù nìyẹn náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé òkìkí kì í ṣe òṣùwọ̀n, yálà ó wà tàbí kò sí.

Ó yá, èwo ni kí ẹ wò?

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni The Vast of Night, tó wà lórí Prime Video láti 2020. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Andrew Patterson darí ni, owó àpò rẹ̀ ló fi ṣe é, ọ̀pọ̀ àjọ̀dún fíìmù ló sì kọ̀ ọ́ kí Slamdance tó gbà á ní 2019. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà, ní ìlú kékeré kan ní New Mexico láàárín àwọn ọdún 1950. Gbogbo ará ìlú ti lọ wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ọmọbìnrin kan tó ń so ìpè fóònù pọ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ló kù sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá gbọ́ ìró kan tí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìró ni o, kì í ṣe ẹbọra. Olùdarí yìí gbẹ́kẹ̀ lé etí wa débi pé ó ṣe é níbì kan, ojú àwòrán ṣókùnkùn pátápátá, ohùn ọkùnrin kan nìkan ni à ń gbọ́. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù lọ́wọ́ nígbà yẹn ti pàdánù. Ẹ pa iná, ẹ lo gbohùngbohùn etí bẹ́ ẹ bá ní.

I'm No Longer Here náà jáde lórí Netflix ní 2020. Fernando Frías ló darí rẹ̀, ọmọ Mexico ni. Ulises, ọmọ ọdún 17, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Monterrey tí wọ́n máa ń jó sí orin cumbia tí wọ́n ti dín ìyára rẹ̀ kù títí tó fi ń fà. Wàhálà àwọn ọmọ ìta lé e dé New York, níbi tí kò ti gbọ́ èdè, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí irun orí rẹ̀ túmọ̀ sí. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Ariel 10 ní Mexico, tó fi mọ́ ti fíìmù tó dára jù lọ. Ijó inú rẹ̀ nìkan tó wíwò. Bí ẹ bá parí ìyẹn, ẹ wo Atlantics ti Mati Diop, tó gba ẹ̀bùn Grand Prix ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 2019: ní Dakar, àwọn ọkùnrin tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kò sanwó iṣẹ́ wọn gba ojú òkun lọ, àwọn obìnrin wọn sì kù sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí mi ò ní sọ.

Fún síríìsì, Halt and Catch Fire ni tèmi, kò sì sí ẹni tó máa bá mi jà lórí rẹ̀ kó borí. Apá 40 ni, sáà 4, láti 2014 sí 2017. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1983. Àwọn tó wò ó nígbà tó ń jáde kéré gan-an, mo sì mọ ìdí rẹ̀: sáà àkọ́kọ́ ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fara wé àwọn síríìsì ọkùnrin ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tó gbòde nígbà náà. Láti sáà kejì ni ìtàn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin méjì inú rẹ̀, Cameron àti Donna, kò sì tún wẹ̀yìn mọ́. Ẹ ní sùúrù fún apá 10 àkọ́kọ́.

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn amí kó wá Le Bureau des légendes ti Faransé, apá 50, níbi tí amí kan ti darí dé láti Damascus lẹ́yìn ọdún 6 tó fi orúkọ ẹlòmíràn gbé ibẹ̀, tí kò sì lè bọ́ orúkọ náà sílẹ̀. Ìbọn kò pọ̀ níbẹ̀. Ìpàdé ọ́fíìsì ló pọ̀, ìbẹ̀rù sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Detectorists ti BBC rọrùn jùyẹn lọ: ọ̀rẹ́ méjì tó ń fi ẹ̀rọ wá irin àtijọ́ nínú oko. Bíi ìdajì wákàtí ni apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tó bá ti rẹ̀ yín.

Ẹ lè wá ọ̀kan nínú wọn kí ẹ má rí i lórí ìkànnì yín. Kì í ṣe pé fíìmù náà kò dára tó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù fún, fún iye ọdún kan, tí àdéhùn bá sì parí, ó kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ìkànnì kan tó ń jẹ́ JustWatch máa ń sọ ibi tí fíìmù kan wà ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà.

Láti rí tuntun, ẹ má ṣe dúró de ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ tẹ orúkọ olùdarí tí iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ yín sí ibi ìwárí, kì í ṣe orúkọ fíìmù. Ẹ wo orúkọ àwọn tó gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún bíi Cannes ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí pùrófáìlì tuntun tí ẹ ò tíì fi wo nǹkan kan, ẹ ó rí i pé ilé kan náà ní yàrá mìíràn. Netflix nìkan ti pín fíìmù sí ìsọ̀rí kéékèèké tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀ròyìn kan fi ka 76,897 nínú wọn ní 2014, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í jáde fún wa bí a kò bá wá a.

Àwọn kan sì wà tí kì í gba owó rárá. Ibi ìpamọ́ fíìmù ti orílẹ̀-èdè Kòríà Gúúsù kó fíìmù àtijọ́ wọn sórí YouTube ní odindi, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Mosfilm, iléeṣẹ́ fíìmù ti Rọ́ṣíà, náà ṣe bẹ́ẹ̀, National Film Board ti Kánádà sì ní ìkànnì tirẹ̀ tó kún fún eré àwòrán kúkúrú. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kòríà, ẹ wo àwọn tó jáde láàárín 1955 sí 1965.