Ìlú Méje, Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń bẹ ní Peckham, ní London. Bí ẹ bá dé ilé wọn, ẹ bi wọ́n nípa iṣẹ́, ẹ bi wọ́n nípa ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèèṣì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti fẹ́ lo ìsinmi. Kọ̀ǹpútà ni wọn yóò gbé ka iwájú yín. Ètò Excel kan ló wà níbẹ̀ tó gùn ju àdúrà àṣemọ́jú lọ: pupa fún ọkọ̀ ojú irin, àwọ̀ ewé fún oúnjẹ, àwọ̀ aró fún ibi tí wọn yóò ti ya fọ́tò. Ilẹ̀ Faransé ni. Ọjọ́ mẹ́jọ, ìlú méje.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé yín?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má da ètò rú.

Àṣà tó lòde láàárín wa ní London nìyí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar ní ibùdókọ̀ St Pancras láàárọ̀ Jímọ̀, tó ya fọ́tò nídìí Eiffel, tó sì padà dé lálẹ́ Àìkú, arìnrìn-àjò ni. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọkọ̀ náà ń lò dé ibùdókọ̀ Gare du Nord ní Paris; súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, ẹ sọ pé Paris lẹ lọ, wọn á wò yín bí ẹni tó ṣe ìyàwó láìpa ẹran. "Paris nìkan?" Ó gbọ́dọ̀ kan Bordeaux, kó kan Lyon, kó kan Nice, kó wá parí sí abúlé kan tí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ gan-an ò lè pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi ìka fa ìlà láti Bordeaux sí Lyon lórí máàpù. Wọ́n ní, "Wò ó, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà." Bẹ́ẹ̀ ojú irin ilẹ̀ Faransé dà bí òwú aláǹtakùn, Paris sì ni aláǹtakùn ọ̀hún jókòó sí. Láti Paris dé Lyon, nǹkan bíi wákàtí méjì. Láti Paris dé Bordeaux, wákàtí méjì àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Bordeaux sí Lyon? Lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí èèyàn tún gba Paris padà. Kò tán síbẹ̀ o. Ibùdókọ̀ Montparnasse lẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ibùdókọ̀ Gare de Lyon, ní òdìkejì Paris kan náà, lẹ ó ti wọ òmíràn. Èèyàn mẹ́fà, àpótí mẹ́sàn-án, ọmọ méjì tí ebi ń pa, nínú métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ò lópin. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò dé Paris nínú ètò yẹn, àtẹ̀gùn sì ni wọn yóò rí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú ètò náà, Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Paris, gba ìṣẹ́jú 45. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ago méjì ààbọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í ṣí Louvre lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Wọ́n gbé e lọ sọ́jọ́ Ajé, wọ́n fẹ́ gbé Versailles, ààfin àwọn ọba Faransé àtijọ́, tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Versailles náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. N ò tíì sọ ìyẹn tán tí iwájú orí wọn fi ń làágùn. Kí ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ìṣẹ́jú 45 wò? Mona Lisa. Àwòrán tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 77 péré, tó wà lẹ́yìn gíláàsì, tí fóònù rẹpẹtẹ sì ń jó níwájú rẹ̀. Ìpàkọ́ èèyàn ni wọn yóò wò yó.

Ti Provence, ní gúúsù Faransé, ló dùn mọ́ mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rí fọ́tò kan lórí Instagram: obìnrin kan nínú oko lavender ní Valensole, òdòdó elésè àlùkò lọ súà títí kọjá ibi tí ojú lè ríran dé. Wọ́n ní àwọn náà gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ra léèsì elésè àlùkò fún gbogbo ilé. Aṣọ ẹbí fún òdòdó! Ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ní oṣù kẹwàá ni wọ́n sì fẹ́ fi lọ. Lavender máa ń tanná láti ìparí oṣù kẹfà wọ oṣù keje. Bí oṣù kẹjọ bá fi ń parí lọ, wọ́n ti gé e, wọ́n ti ń fún òróró rẹ̀. Lóṣù kẹwàá, kùkùté ló kù nílẹ̀. N ò sọ fún wọn. Wọ́n ti sanwó télọ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni ìgbèríko kàn, ilé oko kan ní agbègbè Dordogne. Gîte ni àwọn Faransé ń pè é; ẹ̀gbọ́n pè é ní "síìtì", ẹnu wọn rí roboto. Wọ́n ka àpèjúwe rẹ̀ sí wa létí bí ẹni ń ka Sáàmù: ògiri òkúta ni, bọ́ọ̀sì kì í débẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, ewúrẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, àkùkọ ni yóò máa jí àlejò. Owó tí wọ́n ń gbà lálẹ́ ọjọ́ kan lè ra ewúrẹ́ ọ̀hún.

"Ẹ̀gbọ́n, abà nìyí."

"Abà kọ́. Ìgbèríko ni."

"Ewúrẹ́ ń kọ́?"

"Ewúrẹ́ oníwàrà nìyẹn. Wàràkàṣì ni wọ́n ń fi wàrà rẹ̀ ṣe."

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà, ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti dé abà bàbá wọn lẹ́yìn Ìkirè kẹ́yìn. Kí ni wọ́n ní ó fà á? Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, ọkọ̀ kì í débẹ̀, àkùkọ ò sì jẹ́ kí àwọn sùn. Bàbá ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn o.

Ní ti oúnjẹ, "ago mẹ́ta ààbọ̀" ni wọ́n kọ síwájú oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀, pàápàá nílùú kékeré, bí ago méjì bá ti lù, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Ó di nǹkan bí ago méje alẹ́ kí wọ́n tó tún gbé ìkòkò kaná. Ìgbín náà wà nínú ètò: mẹ́fà nínú àwo kan, pẹ̀lú bọ́tà àti áyù, tí ìkọ̀ọ̀kan ò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ìyá àgbà mi ì bá ní ká dá wọn padà sígbó, kí wọ́n lọ dàgbà ná.

Kí n má purọ́, èmi náà ti lọ rí. Lyon nìkan, ọjọ́ mẹ́rin. Mo jókòó létí odò Saône títí mo fi dá ajá tó ń kọjá láràárọ̀ mọ̀. Mo jẹ ohun kan tí wọ́n ń pè ní tablier de sapeur. Ṣàkì ni, wọ́n kàn yí i nínú ẹyin àti èérún búrẹ́dì kí wọ́n tó dín in ni. Nígbà tí mo dé tí mo ròyìn, gbogbo ilé dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rọra bi mí bóyá owó ló tán lọ́wọ́ mi.

Àbúrò ìyàwó wọn kan ní Lagos wà nínú ètò náà. Àwọn ará London ń kun Excel ní àwọ̀. Òun ló ń sanwó físà Schengen, 90 euro tí wọn kì í dá padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì tó gbọ́dọ̀ kájú 30,000 euro ó kéré tán, àti ẹ̀rí ibi tí yóò máa sùn. Ìlú méje, ìwé ibùsùn méje. Wọ́n fún un ní físà. Ó dúró, ó dúró, "ó yá" ò dé. Nígbà tí ọjọ́ físà ń lọ sópin, ó bá tirẹ̀ lọ: Paris nìkan, ọjọ́ márùn-ún. Ó padà sí Lagos, ó wọ léèsì elésè àlùkò rẹ̀ lọ síbi òkú àgbà kan ní Ṣúrùlérè. Mo rí fọ́tò rẹ̀. Ó yẹ ẹ́.

Ọdún kẹta ètò rèé. Ó ti rin WhatsApp já. Àwọn tí n ò mọ̀ rí ti fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo bí ọlọ́pọlọ ṣe ń rìnrìn-àjò. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n, ìdílé mẹ́ta sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì rà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fọgbọ́n bèèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ń lọ gan-an?"

Wọn ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ó kù díẹ̀. Mo ń wá ibi tí mo máa fi Strasbourg sí."